Kí N Tó Buwọ́ Lù Ú

Fọ́ọ̀mù náà ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án lórí tábìlì ìjẹun.
Abẹ́ ìgò epo ni mo fi sí kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e;
epo ti wá fi òrùka pupa sí i lára,
gẹ́lẹ́ níbi tí wọ́n ní kí n kọ orúkọ mi.

Ọjọ́ Ẹtì ni ìforúkọsílẹ̀ yóò parí.
Owó rẹ̀ tó páànù yàrá méjì,
tàbí owó ilé-ẹ̀kọ́ Ìbídùnní fún sáà kan àti ààbọ̀.
Mo ti ṣírò ó lẹ́ẹ̀mẹrin,
iye kan náà ló ń jáde.
Ìṣirò kì í tijú ẹni.

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń yẹ ìwé owó wò nílùú Iléṣà:
ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù l'Ókèṣà,
àwọn oníkòkó lọ́nà Ìbàlà,
ṣọ́ọ̀ṣì kan tí n kò ní dárúkọ
tó ra àádọ́rin àpò símẹ́ǹtì
fún ògiri tí kò ga tó orúnkún mi.
Mo mọ rìsíìtì tó bá ń purọ́.
Ó máa ń mọ́ jù,
kò jókòó sápò ẹnikẹ́ni rí.

Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá
ọmọkùnrin kan ti Ìbàdàn wá sípàdé àwọn oníkòkó,
Adémúyìíwá lorúkọ rẹ̀,
lẹ́tà mẹ́rin ń tọ orúkọ náà lẹ́yìn bí ọmọ adìyẹ.
Ó ní owó tí ẹ ó ná lọ́dún mẹ́wàá sí i,
bó ṣe wúwo tó lónìí rèé.
Àwọn àgbà mirí. Wọ́n fa àga fún un.
Èmi, wọ́n ní, "Màdáámù, ṣé ti èṣí pé?"
Ó pé.
Ẹ̀yìn ni wọ́n fi mí ṣọ́.

Fẹ́hìntọ́lá níbi iṣẹ́ ní kí n tètè san án,
pé ìwé kì í pọ̀ jù lápò obìnrin.
Ọkọ mi rẹ́rìn-ín: "Ṣé ògiri lo fẹ́ fi bò ni?"
Nígbà tó dalẹ́, mo bá a níbi tó ń nu àtùpà
tí mo fi kàwé ti àkọ́kọ́.
Kò sọ nǹkan kan. Èmi náà ò bi í.

Bàbá bàbá mi, òṣómàáló ni.
Ó ta aṣọ láwìn títí dé ilẹ̀ Tápà,
kò sì dá A mọ̀ yàtọ̀ sí igi àkàbà.
Ẹfun ló fi ń fa gbèsè sára ògiri.
Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ó ń lóṣòó
sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde.
Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé
kó tó tú ìdì aṣọ, á kọ́kọ́ yà sí oko ẹni tó fẹ́ rà á,
á wo ebè, á fọwọ́ kan ewé.
Ojú kan ń ka aṣọ tó ti lọ,
ojú kejì ń ka iṣu tí kò tíì ta.

Mo bá yẹ ara mi wò bí ìwé ẹlòmíì.
Kí ni mò ń fẹ́ gan-an?
Ojú kejì yẹn ni,
àbí àga tí wọ́n fà fún Adémúyìíwá?
Méjèèjì wà níbẹ̀.
Àga ló fi díẹ̀ wúwo jù.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, n kò ha á rẹ́.

Ọjọ́rú la wà. Wọ́n ti mú iná lọ l'Ádétì.
Mo gbé ìgò epo kúrò,
mo kọ orúkọ mi sáàárín òrùka pupa,
gègé ń yọ̀ lórí epo.
Ibi ìbuwọ́lù ṣì ṣófo.
Mo lóṣòó ti tábìlì bí ẹni tó wá gbowó,
n kò sì tíì mọ̀
bóyá èmi ni mo jẹ ẹ́,
àbí òun ló jẹ mí.